Gáádìnì tí kò ní geéètì: bí ẹ ṣe máa fẹsẹ̀ rin ìlú àtijọ́ l'Ékìtì, tẹní-tẹní, toúnjẹ-toúnjẹ

Àbúrò wa kan tó ń gbé l'Ádó kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ láti Èkó lóṣù kẹjọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀. Wọ́n ti lọ sí Ìkògòsì rí, wọ́n ti rí Àríǹta náà. Mi ò fẹ́ ká tún wọ mọ́tò lọ ká wọ mọ́tò bọ̀. Mo fẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn nínú ìlú tó nítàn, ká rí igi, ká rí òdòdó, ká tẹ́ ẹní síbì kan ká jẹun bíi píkíníìkì. Ṣé gáádìnì bẹ́ẹ̀ wà l'Ékìtì àbí kí n kàn kó wọn lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì? Oúnjẹ wo ni ká dì?"

Àbúrò mi, ẹ kú ètò àlejò o. Ó wà, ó sì pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ fi ti hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ jàre. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe náà nìyí, mímú èèyàn rìn káàkiri àwọn ìlú wa, ohun tí mo sì rí ni pé àwọn tó bá sọ pé kò sí gáádìnì l'Ékìtì, wọ́n ń wá èyí tó ní geéètì, tó ní pátákó tí wọ́n kọ orúkọ sí, tí ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlú àtijọ́ Èkìtì, ibi tó bá tutù tó sì ní igi, àyíká ààfin ni, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tàbí ọgbà ilé ìwé àtijọ́, tàbí ìdí òkè. Kò sẹ́ni tó kọ gáádìnì sí ìkankan nínú wọn lára, àwọn èèyàn ló sì ń gbé ibẹ̀ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí ẹ̀ lẹ ṣe máa kọ́kọ́ kíni, kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí, kò síbi tí wọn ò ní jẹ́ kó jókòó l'Ékìtì. Ẹni tó bá kàn já wọlé tó gbé fóònù sókè tó ń ya fọ́tò, wọ́n á bi í pé ta ló rán an wá, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ìlú tí màá mú fún yín ni Ìkéré. Mi ò ní ṣe méjì-méjì lórí ẹ̀. Ojú títì Adó sí Àkúrẹ́ ló wà, kò jìnnà sí yín rárá, mọ́tò tó ń ná Àkúrẹ́ máa já yín síbẹ̀ kí oòrùn tó gòkè, tẹ́ ẹ bá sì ti débẹ̀ ẹ ò nílò mọ́tò mọ́ títí ẹ ó fi parí. Ààfin wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, àwọn òkè ńlá wà níbẹ̀ tí ẹ máa máa rí láàárín òrùlé bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, Olósùnta àti Òrólè, òkúta gàgàrà tó dá dúró tí orí ẹ̀ rí roboto, ẹ ò lè ṣìnà nígbà tí irú ohun bẹ́ẹ̀ bá ń wò yín láti òkè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, kẹ́ ẹ tó débẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀, Ẹ̀fọ̀n Alààyè ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Ìsẹ̀-Èkìtì ló dàgbà sí, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láàfin Arínjálẹ̀, ọba Ìsẹ̀, òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Òun ni Ògògà Ìkéré ìgbà náà ránṣẹ́ pè pé kó wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin òun, láàárín 1910 sí 1914 ló ṣiṣẹ́ náà. Ilẹ̀kùn yẹn, ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n fojú inú wò ó, ọba jókòó lápá kan, olorì dúró lẹ́yìn ẹ̀, lápá kejì òyìnbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Captain Ambrose ń bọ̀, wọ́n gbé e lórí àga, àwọn aláàárù sì ru ẹrù tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum, ilé ìkó-nǹkan-àtijọ́-sí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ, ọba gbà pé kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀, bó ṣe di ti wọn nìyẹn. Òpó kan lára àwọn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sí ààfin náà tún wà ní Chicago l'Ámẹ́ríkà, ọba jókòó, olorì dúró gàgàrà lẹ́yìn ẹ̀, ó tóbi ju ọba lọ fíìfíì, torí ọwọ́ olorì ló ń gbé adé lé ọba lórí. Ọlọ́wẹ̀ kú lọ́dún 1938. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ìyẹn tẹ́lẹ̀, tó wá dúró níwájú ààfin Ìkéré, kò ní sọ pé ilé àtijọ́ lásán ni wọ́n mú òun wá wò.

Ohun tó jẹ́ kí n ka ààfin mọ́ gáádìnì ni àgbàlá ẹ̀. Ààfin ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, akòdì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ilé á yí àgbàlá ká, àgbàlá ò ní òrùlé, afẹ́fẹ́ àti òjò ń wọlé síbẹ̀, àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ yẹn, etí irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró sí tí wọ́n gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé wo ìta kìíní. Ẹ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀, kí ọkùnrin tó bá wà láàárín yín ṣí fìlà, tí wọ́n bá sọ pé Kábíyèsí ní àlejò lọ́jọ́ náà, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ, ìta ààfin náà tó ìran.

Ìta yẹn lẹ ti máa fi igi han àwọn ọmọ. Mo fẹ́ràn ibi yìí gan-an torí àwọn ọmọ Èkó lè pe orúkọ igi Kérésìmesì fún yín àmọ́ wọn ò mọ akòko. Àyíká ààfin l'Ékìtì, igi tẹ́ ẹ máa wá ni akòko, ó máa ń ga tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè tààrà, ewé ẹ̀ ń dán, òdòdó ẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ewé ẹ̀ ni wọ́n ń fi síni lórí tí wọ́n bá fi èèyàn joyè, ìjòyè tó bá ti gba ewé akòko ti kúrò lẹ́gbẹ́ ará ìta. Ọdán ni igi ìbòòji ojúde ọba àti ọjà láti ayébáyé, apá ẹ̀ máa ń fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, tí èso ẹ̀ bá sì pọ́n, ariwo ẹyẹ tó wà lórí ẹ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ara yín. Pèrègún sì nìyẹn, ewé gígùn tó ń dà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tẹ́ ẹ bá gé igi ẹ̀ tẹ́ ẹ kàn tì í bọ ilẹ̀ tútù á ta gbòǹgbò, ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń fi í ṣe ààlà ilẹ̀, wọ́n sì máa ń gbìn ín yí ojúbọ ká. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí pèrègún tó yí ibì kan po, pàápàá tẹ́ ẹ bá rí màrìwò pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má wọ ibẹ̀, ẹ má já ewé kan níbẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹní sítòsí ẹ̀. Ẹ̀sìn tẹ́ ẹ bá ń ṣe ò kan ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí ẹlòmíì ń jọ́sìn ni.

Láti ààfin kẹ́ ẹ gba àárín ọjà kọjá, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ ju kẹ́ ẹ ra ọsàn àti àgbàdo sísun lọ, oṣù kẹjọ àgbàdo ṣì máa ń wà. Kẹ́ ẹ wá kọjú sí òkè.

Ìdí òkè ni gáádìnì tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo Èkìtì, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tó fi tutù bẹ́ẹ̀. Òkúta ńlá yẹn kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ lé e lórí ńṣe ló ń ṣàn wálẹ̀, ó ń gbá ewé jíjẹrà àti erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí ìdí ẹ̀, ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìlú dó, torí ẹ̀ ni ilẹ̀ ìdí òkè ṣe dúdú tó sì lọ́ràá, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò àti kòkó fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀ nígbà tí ibòmíì ti gbẹ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lábẹ́ ewé, ó máa ń tutù. Ẹ gbójú sókè wo ara òkúta, ẹ máa rí ilà dúdú gbọọrọ-gbọọrọ láti orí wá sísàlẹ̀, àwọn èèyàn máa ń rò pé èéfín iná ìgbẹ́ ni, irọ́ ni, ojú ọ̀nà omi ni, ohun tín-ín-tìn-ín kan bíi èéhù ló ń hù síbẹ̀ torí pé omi ń gba ibẹ̀ nígbà gbogbo. Ibi dúdú yẹn náà ló máa ń yọ̀ jù tí òjò bá ti kàn án. Níbi tí òkúta bá ti là, koríko kan tún wà tó máa ń hù lára irú àwọn òkúta yìí ní ilẹ̀ wa, nínú ọyẹ́ ẹ máa rò pé ó ti kú pátápátá, gbogbo ewé ẹ̀ á gbẹ, á rún wọ inú ara ẹ̀, àmọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti lù ú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ewé tó gbẹ yẹn gan-an á padà di tútù, kì í ṣe òmíì ló hù rọ́pò ẹ̀. Àwọn ọmọ máa fẹ́ fà á tu láti wò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tu ú, ó máa ń pẹ́ púpọ̀ kó tó tún gbà síbẹ̀.

Ẹ má gun òkè náà o. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gùn ún, àmọ́ ẹ̀yin ní àwọn ọmọ lọ́wọ́, oṣù kẹjọ sì ni, òjò lè dé nígbàkúgbà. Èkejì, Olósùnta kì í ṣe òkúta lásán fún ará Ìkéré, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún ẹ̀, àsìkò wà tí wọn ò ní fẹ́ rí àlejò níbì kan. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ bi àwọn èèyàn ìlú, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́, ibo ni a lè dé, ibo ni a ò gbọ́dọ̀ dé?" Wọ́n á fi hàn yín, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọdé ilé kan sin yín lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba inú oko ẹnikẹ́ni kọjá, ẹ pe olóko. Ìyeyè máa ń já bọ́ lásìkò yẹn, àwọn èso róbótó tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kíkan ẹ̀ àti dídùn ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ fi í sílẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà kò sẹ́ni tó máa bá yín jà lórí ẹ̀, ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa jẹun wá ńkọ́? Kì í ṣe ìdí òkúta o. Ejò fẹ́ràn pàlàpálá òkúta, ẹ sinmi níbẹ̀ ní òró, ẹ má jókòó. Ọgbà ilé ìwé àtijọ́ tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló dáa jù, torí àwọn tó kọ́kọ́ dá wọn sílẹ̀ gbin máńgòrò àti àwọn igi eléso mìíràn sí i, àwọn igi yẹn sì ti di arúgbó báyìí, ìbòòji wọn gbòòrò. Ọlidé nilé ìwé wà lóṣù kẹjọ, ẹ máa bá máígáàdì tàbí ìyàwó pásítọ̀ níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa sọ ò ju èyí lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, àlejò la jẹ́, láti Adó la ti wá, a fẹ́ sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi yín ká sì jẹun, a ò ní da ìdọ̀tí síbẹ̀." Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ pé rárá sí ìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun, ẹ fi mọ́ínmọ́ín méjì ránṣẹ́ sí ẹni tó gbà yín láyè, àwo òfìfo kọ́ làlejò ń gbé kalẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ fi igi gbá ilẹ̀ yíká, ìjàlọ máa ń tò kọjá lábẹ́ ewé gbígbẹ nígbà òjò, tí wọ́n bá wọ aṣọ ọmọ, píkíníìkì ti tán. Ẹ má sì jókòó sábẹ́ igi àgbọn bó ti wù kí afẹ́fẹ́ ẹ̀ dára tó.

Ó wá ku oúnjẹ, ibi tí èmi pẹ̀lú àwọn èèyàn ti máa ń ṣe àríyànjiyàn. Ọmọ Èkìtì á ní ṣé a ó lọ síta lọ jẹun kí iyán má sí níbẹ̀ ni? Ẹ fi iyán sílẹ̀ nílé. Iyán ò ṣeé gbé rìn, èyí tó bá ti pẹ́ nínú kúlà ti yí padà, ara ẹ̀ ti le, ó ti ń lagùn, ọbẹ̀ ń dà sáṣọ, ẹ ò sì ní omi tẹ́ ẹ máa fi ṣan ọwọ́ tó máa tó. Kò yẹ kí ará Èkó fi irú iyán bẹ́ẹ̀ mọ Èkìtì. Ẹ jẹ ẹ́ gbígbóná ní bùkà nígbà tẹ́ ẹ bá parí ìrìn, tẹ́ ẹ gbọ́ tí wọ́n ń gún un lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú ẹ̀gúsí tó ní ẹ̀fọ́ nínú. Jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì náà, ẹ má gbé e, ooru inú kúlà máa ń bà á jẹ́ kíákíá, ó tún ń fẹ́ ṣíbí ó ń fẹ́ àwo, ẹ̀yin ò lè máa ru àwo káàkiri Ìkéré.

Ẹ di ẹ̀kọ eléwé àti mọ́ínmọ́ín eléwé. Kò sí oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ìrìn ẹsẹ̀ tó o. Ewé ni àwo ẹ̀, ewé ni ìdérí ẹ̀, ó ń gba ooru mọ́ra títí di ọ̀sán, ó ń yó ọmọ, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán ewé lẹ máa kó, kì í ṣe nylon, ewúrẹ́ á sì bá yín jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó máa bá yín sè é pé ewé eéran lẹ fẹ́, kì í ṣe agolo, òórùn ewé yẹn nínú mọ́ínmọ́ín ju maggi lọ. Kẹ́ ẹ fi iṣu sísun kún un, iṣu tuntun ti dé lásìkò yẹn, ẹ sun ún láàárọ̀, ẹ ha ìdúdú ara ẹ̀ dànù, ẹ wé e sínú aṣọ mímọ́, ẹ po epo pupa mọ́ ata àti iyọ̀ sínú ìgò kékeré kan tó ní ìdérí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bá àgbàlagbà níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó fi iṣu lọ̀ ọ́, l'Ékìtì àwọn ìdílé wà tí kì í tọ́ iṣu tuntun wò títí wọ́n á fi ṣọdún ẹ̀, kẹ́ ẹ má fi oúnjẹ dójú tì í. Ẹ gbé omi sínú gálọ́ọ̀nù, pure water máa sọ yín di ẹni tó ń kó nylon kiri. Ẹ mú ọṣẹ dání.

Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, aṣọ òjò fún àwọn ọmọ, fìlà. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, ẹ kúrò nídìí òkè kí ọjọ́ tó rọ̀. Ẹ má wọ igbó jíjìn, ẹ má dá rìn, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé pé ibi báyìí lẹ wà, bí nǹkan ṣe rí nílùú báyìí kò yẹ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́nà oko. Ẹnì kan máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ wo àwọn ìnàkí (chimpanzee) nínú igbó ìjọba ní Ìsẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n wà níbẹ̀, igbó yẹn sì ṣe pàtàkì gan-an, àmọ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé kúlà lọ.

Tó bá jẹ́ pé ìdajì ọjọ́ péré lẹ ní, ẹ dúró l'Ádó. Ẹ wo ààfin Ewì, ọba Adó, àti ọjà Erékèsan tó kọjú sí i, ẹ lọ sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Fájuyì, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ọmọ nípa Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó tí wọ́n bí lọ́dún 1926, tó jẹ́ gómìnà ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú Ìróńsì, olórí ìjọba Nàìjíríà ìgbà náà, tó jẹ́ àlejò ẹ̀ n'Íbàdàn ní July 1966. Tẹ́ ẹ bá lè gba àyè, ẹ dé Christ's School lórí òkè Agídímọ̀, 1933 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọgbà ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì dá yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ ìlú.

Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ẹ fi í sí ọjọ́ mìíràn tí àlejò yín bá tún wá, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ Ìkéré lọ́jọ́ kan. Òkè ló yí ìlú yẹn ká, kùrukùru máa ń bò ó láàárọ̀, ẹ mú súwẹ́tà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ibẹ̀ náà ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́ Adéṣínà ti gbẹ́ àwọn òpó ààfin Alààyè, inú ìlú náà sì ni ibojì Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, ẹni tó kú lọ́dún 1959, àwọn èèyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, ẹ bọ̀wọ̀, ẹ rọra sọ̀rọ̀, oúnjẹ yín ò gbọ́dọ̀ jáde nínú báàgì.

Tí òjò bá ká yín mọ́ Ìkéré, ẹ má sáré padà sí Adó. Ẹ wọ inú ọjà, ẹ wá bùkà tó mọ́, ẹ jẹ iyán yín ṣáájú kẹ́ ẹ wá fi mọ́ínmọ́ín sí ìrọ̀lẹ́, òjò oṣù kẹjọ sábà máa ń dá. Tó bá ti dá, ẹ ṣì lè lọ wo ààfin àti àwọn igi, ara òkúta nìkan ni kẹ́ ẹ má sún mọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.